Àgbò Tó Rìn Lọ́wọ́ Òsì

Fèrè ọlọ́pàá ló ń jí wa láràárọ̀ ní ilé tí èmi àti ọkọ mi háyà yàrá méjì sí ní ẹ̀yìn Táíwò Road. Sájẹ́ǹtì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ló ń fọn ọ́n. Yóò jáde sí àgbàlá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé kákí àti síńgílẹ́ẹ̀tì, yóò fọn fèrè, yóò wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, yóò máa darí àwa obìnrin bí ẹni ń darí ọkọ̀ ní oríta. Ẹni tó bá na ọwọ́ sí ló lè fa omi. Mo fa omi lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ó na ọwọ́ sí mi, nítorí mo ti pẹ́ fún iṣẹ́, ló bá mú korobá mi. Ó ní ẹ̀síbíìtì ni, ẹ̀rí tí òun máa gbé síwájú adájọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni korobá náà wà títí a fi kó kúrò nílé yẹn.

Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ìtàn Sájẹ́ǹtì. Bí wọ́n bá wá kí mi lọ́dún, wọn á ní, "Màámi, ẹ sọ ti ọlọ́pàá yẹn," wọn á sì ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu. Mo máa ń sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ibi tó ń pani lẹ́rìn-ín nìkan ni mo máa ń sọ, n ó wá ní ó ti rẹ̀ mí, kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sùn. Kì í ṣe irọ́. Ó ń rẹ̀ mí lóòótọ́, ó sì ti ń rẹ̀ mí láti ìgbà náà.

Tíṣà ni mí nígbà yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láàárín ìlú. Ọkọ mi jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba. Ọ̀mù-Àrán ni àwa méjèèjì ti wá sí Ìlọrin nígbà tí ogun abẹ́lé parí, tí gbogbo ènìyàn ń wá ibi tí wọ́n á jókòó sí. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin ló ni ilé náà. Sájẹ́ǹtì ti sọ fún ìyá yìí pé ọmọ Ìlọrin ni ìyá òun. Nígbà tí àwa kó dé, ó sọ fún wa pé Ìgbómìnà bíi tiwa ni òun. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ó máa ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, bí a bá sì ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó iwájú ni ẹ ó ti bá a, nítorí oúnjẹ. Ó ní ọlọ́pàá kì í ṣe ojúsàájú.

Ohun kan wà tí ó fi ń yangàn: kò gba rìbá rí. Bí awakọ̀ kan bá fi owó lé e lọ́wọ́, yóò dà á padà, yóò sì pariwo kí gbogbo òpópónà gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́. Ẹ̀síbíìtì ni tirẹ̀. Ó mú ẹni tó ru iṣu, iṣu di ẹ̀síbíìtì. Ó mú ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní aago, àpò ẹ̀wà tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ di ẹ̀síbíìtì, ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹjọ́ wọ̀nyí kì í dé kọ́ọ̀tù. Yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń dé, láti ibẹ̀ wọ́n á dé inú ìkòkò. Bí a bá sì bi í léèrè, ojú rẹ̀ á le, á ní ìwádìí ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni ayé dùn mọ́ ọn jù lọ. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Àwọn àgbàlagbà ò fẹ́ sọdá títì mọ́. Sájẹ́ǹtì ní tirẹ̀ ń kọrin nínú balùwẹ̀. Kí ọjọ́ ìyípadà tó pé, ó mú àwọn tó ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún dánra wò. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó mú àwọn tí ọwọ́ òsì ṣì wà lára wọn. Ó mú ọmọlanke, ó mú àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. "Kìpù ráìtì!" ni yóò pariwo, fèrè á tẹ̀lé e, ẹrù olúwarẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Òjò ti dáwọ́ dúró lọ́dún náà nígbà tó mú àgbò. Ojú mi ló ṣe, mo ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́. Bàbá àgbẹ̀ kan, ará abúlé tó wà lẹ́yìn ìlú, mú àgbò rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹran, ó sì ń fà á padà lọ sílé. Bàbá ń rìn ní tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún bí ìjọba ṣe wí. Ṣùgbọ́n okùn gùn, àgbò sì ti rí koríko lódìkejì títì, ó ń jẹ ẹ́ lọ lọ́wọ́ òsì. Sájẹ́ǹtì fọn fèrè, ó dá mọ́tò dúró síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá rìn lọ sí àárín títì, ó fọwọ́ kan okùn náà.

"Bàbá, ẹ̀yin kò ṣẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yin ń rìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin kọ́ ni mo mú. Èyí tó ń rìn lọ́wọ́ òsì yìí ni mo mú."

Gbogbo ojú ọ̀nà ló bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fi máa dé ilé, wọ́n ti so àgbò mọ́ igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, lábẹ́ fèrèsé mi gan-an, bàbá sì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Sájẹ́ǹtì.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run. Kí ni kí n mú wá?"

"Ṣé rìbá lẹ fẹ́ fún ọlọ́pàá?"

"N ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n wá dúró fún un ni, kí n gba béèlì ẹ̀."

Sájẹ́ǹtì ronú sí i. Ó ní béèlì kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó máa dúró fún ẹni tí wọ́n mú gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí rẹ̀. Ó wo bàbá, ó wo àgbò, ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti jọra. Mo ti inú yàrá sọ pé ẹran náà kò ní ìjàngbọ̀n kankan, ẹ wo bó ṣe rọra ń fà sẹ́yìn. Ó dá mi lóhùn pé, "Màdáámú Tíṣà, àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ má gbà á láyè." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Báyìí ni àgbò di èrò ilé wa. Sájẹ́ǹtì kì í fún un lóúnjẹ, ó ní kò sí nínú iṣẹ́ òun. Èmi ni mo ń kó èèpo iṣu àti èèpo pákí fún un, èmi ni mo ń bu omi fún un, pẹ̀lú oyún nínú àti ọmọ lẹ́yìn àti ìwé àwọn ọmọ kíláàsì tí mo ní láti máàkì. Bí n kò bá tètè fún un, á máa ké lábẹ́ fèrèsé mi títí tí n ó fi dìde. Mo bínú sí Sájẹ́ǹtì, mo bínú sí ọkọ mi tí kò lè sọ̀rọ̀, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo bínú sí àgbò fúnra rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni bàbá máa ń wá. Bó bá kírun tán ní mọ́ṣáláṣí ńlá, á ru ìdì ewé ẹ̀pà gbígbẹ wá, nítorí koríko ti gbẹ níbi gbogbo. Á kọ́kọ́ kí Sájẹ́ǹtì bó bá wà nílé, á bi í pé níbo ni ẹjọ́ dé, Sájẹ́ǹtì á ní kí ó ní sùúrù. Á wá lọ jókòó ti àgbò rẹ̀, á máa yọ ẹ̀gún kúrò lára ewé kí ó tó fi fún un. Ibẹ̀ ni ó ti sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún mi láti ojú fèrèsé.

"Ìyá àgbò yìí kú lọ́jọ́ tó bí i, Tíṣà. Ọmọbìnrin mi ló fi omi ògì tọ́ ọ. Ẹ ò lè rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá ń lọ sí ilé kéwú, àgbò á tẹ̀lé e, ààfáà á lé e títí."

"Ó ti wá parí kéwú báyìí?"

"Álíhámúdù, ó ti parí ẹ̀. Ó ti ka Àlùkùránì já. Tí a bá ti ṣe Iléyá, ọjọ́ kẹta ni wòlímọ̀ ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló ń lọ ilé ọkọ. Àgbò yìí la máa pa. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló ní àgbò yìí ni kó jẹ́. Mo ti ṣèlérí ẹ̀ fún un lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀."

Ẹni tó bá ti gbé Ìlọrin mọ ohun tí wòlímọ̀ jẹ́ fún ọmọbìnrin. Ọjọ́ yẹn ni á jókòó láàárín àwọn ààfáà pẹ̀lú aṣọ funfun, á ka ohun tó kọ́, gbogbo ẹbí á sì mọ̀ pé ọmọ yìí ní baba. Wòlímọ̀ tí baba kò rí ẹran pa sí, ọmọ á gbọ́ ọ títí dé ilé ọkọ. Bàbá kò sọ ìyẹn fún mi. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó sọ ọ́.

Mo bá ọkọ mi jà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní akọ̀wé ìjọba ni ọ́, o máa ń wọ táì, lọ bá ọ̀gá Sájẹ́ǹtì ní àgọ́ wọn. Ó lọ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì jókòó. Mo bi í pé kí ni ọ̀gá wí. Ó ní ọ̀gá gba òun dáadáa, ó ní kí òun jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo, pé ṣé àgbò náà ti ń sanra.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Iléyá pé, mo dé láti ilé ẹ̀kọ́, mi ò bá àgbò nídìí ìbẹ́pẹ. Sájẹ́ǹtì dúró sí àgbàlá pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ gbagidi. Ó kí mi ní sàlúù. Ó ní ẹjọ́ ti dé kọ́ọ̀tù, wọ́n ti gbé àgbò lọ sọ́dọ̀ adájọ́, ìdájọ́ á sì jáde kí ọdún tó dé. Kí bàbá wá gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì ọdún.

Mo gbà á gbọ́. Mo mọ̀ pé kò sí kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ àgbò. Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé tí adájọ́ bá rí i, á rẹ́rìn-ín títí, á sì ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ìrètí wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó bá ti rẹ̀ jù láti ronú. Ọkọ mi rán awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà abúlé bàbá sí i, pé kó wá lọ́jọ́ kejì ọdún, ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú. Mo gbálẹ̀ ìdí ìbẹ́pẹ. Mo sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Iléyá, Sájẹ́ǹtì wọ agbádá, ó dé fìlà ọlọ́pàá lé e, ó sì lọ sí yídì. Ó ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan ní Ọjà Tuntun ni òun ti máa pa ẹran òun. Ní Ìlọrin, àwọn ọlọ́dún máa ń bu ẹran fún àwa onígbàgbọ́ bí àwa náà ṣe ń gbé oúnjẹ fún wọn ní Kérésìmesì, nítorí náà abọ́ ti ń wọlé láti òwúrọ̀. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì dé, òun náà gbé abọ́ tirẹ̀ wá, odindi itan. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí kò fún wa ní nǹkan kan rí. Mo ní bóyá ọdún ló yí i lọ́kàn padà. Mo gbàdúrà fún un, ó ṣe àmín.

Bàbá dé lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀. Ọyẹ́ ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di funfun. Ó wọ agbádá tí mi ò rí lọ́rùn rẹ̀ rí, ó ru ewé ẹ̀pà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, okùn tuntun kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìyèdún o, Tíṣà."

"Ẹ kú ìyèdún, Bàbá. Àṣèyí ṣàmọ́dún. Ìyàwó wa, ọmọ yín, ńkọ́?"

"Ó wà. Kò sùn lánàá. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ pẹ́."

Mo ní kó jókòó kó jẹun kí Sájẹ́ǹtì tó jí. Mo ti gúnyán, itan yẹn ni mo sì fi se ọbẹ̀. Mo bù ú síwájú rẹ̀. Ó wẹ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ẹ má bínú sí mi o, Tíṣà. Ta ló dúńbú ẹran yìí?"

Ọ̀rọ̀ náà kò bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kì í jẹ ẹran tí onígbàgbọ́ bá pa, ó sì béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ọkàn yín kó balẹ̀, Bàbá. Àwa kọ́. Ẹran Iléyá ni, ààfáà ló dúńbú ẹ̀. Sájẹ́ǹtì ló fi ta wá lọ́rẹ."

Ó ní Bísímílà. Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Ó mú ìkejì, ó dá ọwọ́ dúró.

"Sájẹ́ǹtì pa àgbò?"

"Ó pa á, Bàbá. Ní Ọjà Tuntun."

"Ibo ló ti rà á?"

Láti ìgbà tí a ti jọ ń gbé, mi ò rí Sájẹ́ǹtì kó ra nǹkan kan rí. Kò ra ata, kò ra kẹrosíìnì. Mo wo inú abọ́ tó wà níwájú bàbá.

Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí nígbà náà. Ó jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu àti táwẹ̀lì léjìká. Ó rí bàbá, ó fẹsẹ̀ lu ẹsẹ̀, ó kí i ní sàlúù.

"Bàbá, ẹjọ́ yín ti parí. Kọ́ọ̀tù jókòó, kọ́ọ̀tù dìde. Àgbò jẹ̀bi."

"Kí ni wọ́n dá fún un?" ni bàbá béèrè.

"Ikú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, wọ́n ní ẹ kò jẹ̀bi rárá. Ẹ máa lọ sílé ní àlàáfíà."

Inú bí mi. Mo ní, "Sájẹ́ǹtì, Ọlọ́run á bi yín!" Mo pariwo rẹ̀ tí ìyá onílé fi yọjú. Sájẹ́ǹtì wò mí pẹ̀lú sùúrù. Ó ní kí n kọ ẹ̀sùn mi sílẹ̀, kí n mú un wá sí àgọ́, wọ́n á wò ó. Ó wá kọjá lọ sí balùwẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tirẹ̀, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ dáadáa. Wọn kò fi ohunkóhun jẹ ẹ́ níyà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́.

Mo na ọwọ́ láti gbé abọ́ kúrò níwájú bàbá. Ó fi ọwọ́ òsì dì í mú.

"Ẹ fi sílẹ̀, Tíṣà. Kì í ṣe àráámù fún mi. Tèmi ni."

Ó jẹ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Nígbà tó gbé e mì, ó ní, "Ó sanra. Ẹ bọ́ ọ dáadáa. Ẹ ṣé é o." Wọ́n ti bú mi láyé mi, wọ́n ti lù mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí èyí tó dùn mí tó ọpẹ́ yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú oyún mi, mo ń sunkún. Ó ní kí n má sunkún, kò dáa fún ọmọ inú.

Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀. Ó ká okùn náà jọ, ó sì dìde. Mo rò pé ó ti ń lọ ni.

"Tíṣà, ṣé ó ṣẹ́kù nínú ìkòkò?"

"Ó ṣẹ́kù, Bàbá."

"Ẹ bá mi dì í. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé àgbò ẹ̀ ń bọ̀ wálé lónìí."

Mo dìde, mo wọ ilé ìdáná lọ wá ewé.